Ta ló yí orúkọ fódà láíbìrárì mi padà?

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní Kubwa, ìyá kan gbé láptọ́ọ̀pù ọmọ rẹ̀ wọlé bá mi bí ẹni tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ sí ọsibítù. Kò tíì jókòó tó ti bẹ̀rẹ̀: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Wọ́n ti wọ kọ̀ǹpútà ọmọ mi o! Ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀." Mo wò ó. Nínú fódà tó ń jẹ́ libraries, níbi tó yẹ ká ti rí DHT_sensor_library, arduino_482915 ló jókòó síbẹ̀. Méjì mìíràn tún tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n jọ ọ́ bí ìbejì, nọ́ńbà ìdí wọn nìkan ló yàtọ̀. Ọmọ náà dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń wolẹ̀. SS2 ló wà, ó sì ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé òun lòun tẹ ohun tí kò yẹ kóun tẹ̀.

Olè kankan ò wọlé, ọmọ náà ò sì ṣe nǹkan kan. Mo ti rí irú fódà bẹ́ẹ̀ tó láti mọ̀ ọ́n lójú. Àmọ́ mo mọ ìdí tó fi ń dẹ́rù ba èèyàn: ẹ sun lálẹ́, ẹ fi orúkọ kan sílẹ̀, ẹ jí láàárọ̀, ẹ bá orúkọ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí lọ́wọ́ dání. Arduino ni pátákó iná kékeré kan, kò tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe lè pàṣẹ fún gílóòbù, fáànù tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ìlú Ivrea ní Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2005. Orí kọ̀ǹpútà la ti ń kọ àṣẹ tí pátákó náà máa tẹ̀ lé, sọ́fítíwíà tí a sì fi ń kọ ọ́ ni wọ́n ń pè ní Arduino IDE.

Láíbìrárì tí mò ń sọ kì í ṣe ilé ìwé kíkà. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ ni. Ẹni tó fẹ́ ro àmàlà ní Abuja yìí kì í bẹ̀rẹ̀ látorí kó bó iṣu, kó bọ̀ ọ́, kó sá a, kó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Èlùbọ́ tó ti kúnná ló ń rà lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ fi DHT11, ẹ̀rọ aláwọ̀ búlúù kékeré tó ń ka ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ṣe nǹkan. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ẹ̀rọ yòókù lọ nígbà ọyẹ́, torí wọ́n ń fojú ara wọn rí bí nọ́ńbà ọ̀rinrin ṣe ń já wálẹ̀. Bí ẹ̀rọ yẹn àti pátákó ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ le díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Tiwa ò ju ká kọ #include <DHT.h> sí òkè kóòdù wa lọ. Àwọn èlùbọ́ yìí wà nínú àpò wọn nínú Documents, nínú fódà Arduino, nínú libraries. Láíbìrárì kan, fódà kan.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a ò lo IDE tuntun. Ìran 2 jáde ní Oṣù Kẹsàn-án 2022, ó dára, ó sì yára, ṣùgbọ́n Windows 10 oní 64-bit ló kéré jù tó máa gbà. Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí àwọn òbí ń gbé wá, Windows 7 ló sì wà lórí òmíràn. Nítorí náà, ìran 1.8 là ń lò. 1.8.19, tó jáde ní Oṣù Kejìlá 2021, ló ṣe àbígbẹ̀yìn nínú ìran yẹn. Mo tiẹ̀ ti rí ẹni tó ṣì ń lo 1.0 tó ti wà láti 2011, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ fún un.

Wàyí o, orúkọ tó yí padà. Láti 1.6.2, tó jáde ní 2015, ni IDE ti ní ohun kan tó ń jẹ́ Library Manager, níbi tí èèyàn ti lè wá láíbìrárì, kó tẹ Install, kó dé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ ni kì í hàn sójú. IDE á fa ẹrù náà wálẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì ní fáìlì zip, ìyẹn ọ̀pọ̀ fáìlì tí wọ́n dì pọ̀ sójú kan. Á wá ṣí fódà tuntun kan sínú libraries, ṣùgbọ́n kò ní í fún un ní orúkọ gidi nígbà yẹn. Á kàn pè é ní arduino_, á fi nọ́ńbà tó ṣà jọ sí ìdí rẹ̀. Inú ibẹ̀ ló ń tú ẹrù sí. Tó bá tú u tán, tí ẹ bá ti ní irú láíbìrárì bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, á kó ti àtijọ́ dànù. Ìgbà yẹn ló tó wá yí orúkọ fódà tuntun padà sí orúkọ tó yẹ ẹ́.

Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni ẹ fi wé e. Kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Adébáyọ̀ tàbí Àṣàkẹ́. Ìkókó là ń pè é, ní ọsibítù sì rèé, orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n kọ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní í sọ pé ọmọ náà ò péye nítorí ìyẹn. Arduino_482915 ni ìkókó tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ kọjá lọ. Oyin wà nílé, obì àti orógbó wà nínú àwo, ṣùgbọ́n ẹnì kan dí ẹnu ọ̀nà.

Ta ló dí i? Windows kì í sábà gbà kí wọ́n yí orúkọ fódà kan padà nígbà tí sọ́fítíwíà mìíràn bá di fáìlì inú rẹ̀ mú. Antivirus ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Bó bá ti rí ẹrù tuntun tó balẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tú u wò bíi kọ́sítọ́ọ̀mù. OneDrive ló tẹ̀ lé e: bó bá ti jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ ni Documents yín wà, òun náà á fẹ́ gbé fáìlì tuntun wọ̀nyí lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kíá. Gbogbo rẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ, ṣùgbọ́n àárín àkókò yẹn gan-an ni IDE fẹ́ yí orúkọ. Wọn ò gbà fún un, kò sì padà wá wò ó mọ́. Ó fi orúkọ ìkókó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí mi ò lè dárí jì í nìyẹn. Ká ní ó sọ gbólóhùn kan péré, ìyá yẹn ì bá má sá eré wá.

Ti iná náà wà ńbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó jẹ́ pé wáyà ló gbé e ró, bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tó ń tú ẹrù lọ́wọ́, ìkókó náà lè má ní ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ẹ ó sì rí bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó yí orúkọ kankan padà. Fódà tí ẹ rí lánàá ti lọ, IDE fúnra rẹ̀ ló kó o dànù nígbà tí ẹ ní kó gba tuntun. Fódà tòní ni kò tíì lórúkọ.

Mo ní kí ọmọ náà jókòó, kó tẹ arduino_482915 lẹ́ẹ̀mejì fúnra rẹ̀, kó ka ohun tó bá rí sókè. Ó kà á: "examples. DHT.cpp. DHT.h. keywords.txt. library.properties." Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí kò kàn wá. Mo ní kó fi Notepad ṣí library.properties. Ìlà kìíní rẹ̀ kà pé name=DHT sensor library. Ìlà kejì jẹ́ version, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ìlà kẹta sì ni author, orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ọmọ náà wo ìlà kìíní yẹn títí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Àǹtí, orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ látọjọ́ yìí!"

Ó wà nínú rẹ̀. Fáìlì kékeré yìí ni ìwé ẹ̀rí ìbí láíbìrárì. Orúkọ tí wọ́n bá kọ sára àpò lè jẹ́ ohunkóhun, ẹ tú àpò kí ẹ tó pariwo. Mo tún ní kó má tíì yí nǹkan kan padà, kó ṣí kóòdù rẹ̀, kó tẹ Verify, bọ́tìnì tó ń yẹ kóòdù wò bóyá àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ó kọjá láìsí wàhálà, torí DHT.h ni kóòdù rẹ̀ ń béèrè, IDE sì rí DHT.h. Kò béèrè ibi tí DHT.h ń gbé.

Kí ló wá dé tí a fi ń tún orúkọ náà ṣe? Ìdí kan wà tó lágbára, màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ pa IDE dé pátápátá. Ẹ ka orúkọ tó wà níwájú name= nínú library.properties. Ẹ wá fi orúkọ yẹn pe fódà náà, ṣùgbọ́n níbikíbi tí àlàfo bá wà, ẹ fi ìlà ìsàlẹ̀ dí i, bí IDE fúnra rẹ̀ ì bá ti ṣe: DHT sensor library á di DHT_sensor_library. Fódà kejì ọmọ náà jẹ́ Adafruit Unified Sensor, tí láíbìrárì DHT yẹn máa ń pè ràn án lọ́wọ́, a sì sọ ọ́ ní Adafruit_Unified_Sensor. Bí Windows bá ní òun ò gbà, ó túmọ̀ sí pé nǹkan kan ṣì di fáìlì inú rẹ̀ mú. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó ṣí ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ṣí IDE.

Ẹ má fi àmì ohùn sí i o. Ọmọ kan tí mo kọ́ sọ fódà rẹ̀ ní Ooru_àti_Ọ̀rinrin, pẹ̀lú gbogbo àmì tó yẹ. Inú mi dùn débi pé mi ò fẹ́ sọ fún un pé IDE àtijọ́ ò gbọ́ Yorùbá. Lẹ́tà A dé Z tí kò ní àmì kankan, nọ́ńbà àti ìlà ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi mọ.

Fódà kẹta ọmọ náà ṣófo. Kò sí fáìlì kan tó parí sí .h nínú rẹ̀, kò sí library.properties. Irú èyí ni iná tó lọ tàbí íntánẹ́ẹ̀tì tó já lójijì máa ń fi sílẹ̀. Òun náà ló sì ń fà á tí IDE fi ń kọ "Invalid library found in" sísàlẹ̀ nígbàkígbà tí èèyàn bá tẹ Verify, tó sì tún dárúkọ fódà náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í dá iṣẹ́ dúró, àmọ́ ọmọdé tó bá rí i á rò pé kóòdù òun ló bàjẹ́, á sì máa pa ibi tó dára rẹ́. A pa fódà òfìfo náà rẹ́, ariwo sì tán.

Ìdí tó lágbára náà rèé. Láíbìrárì méjì lè ní fáìlì .h tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ mú LiquidCrystal_I2C, èyí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sójú gíláàsì kékeré. Èèyàn tó ju ẹyọ kan lọ ló ti kọ láíbìrárì fún un, fáìlì gbogbo wọn sì ń jẹ́ LiquidCrystal_I2C.h. Init ni àṣẹ tí a fi ń tan gíláàsì nínú òmíràn, begin ni nínú òmíràn. Bí méjì bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan, IDE gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, ọ̀kan nínú ohun tó sì máa ń wò ni orúkọ fódà. Èyí tí orúkọ fódà rẹ̀ bá bá orúkọ fáìlì .h mu ni ó ń gbè. Ẹ wá rò ó wò: láíbìrárì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wà nínú arduino_ àti nọ́ńbà, èyí tí ẹ ti gbàgbé láti ọdún tó kọjá ń jẹ́ orúkọ gidi. Ti àtijọ́ ni IDE máa mú. Kóòdù tó ṣiṣẹ́ nílé ọ̀rẹ́ yín á kọ̀ ní tiyín, ẹ ó sì máa ṣépè fún gíláàsì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

IDE ìran 1.8 máa ń sọ èyí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kì í kà á. Ẹ wo ìsàlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ Verify. Bí ẹ bá rí "Multiple libraries were found for", ẹ ka ìlà méjì tó tẹ̀ lé e. Iwájú Used ni fódà tó mú wà, iwájú Not used ni èyí tó fi sílẹ̀ wà. Bó bá jẹ́ pé iwájú Not used ni arduino_ yín bọ́ sí, ẹ ti rí ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀. Ẹ ṣí library.properties méjèèjì, ẹ wo version wọn àti ẹni tó kọ wọ́n, ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́. Èyí tí ẹ ò fẹ́, ẹ gbé e kúrò nínú libraries pátápátá, ẹ gbé e sórí Desktop bí ọkàn yín ò bá gbà kí ẹ pa á rẹ́. Yíyí orúkọ rẹ̀ sí DHT_old tàbí LCD_ti_tẹ́lẹ̀ kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kò ràn yín lọ́wọ́. Bó bá ti wà nínú libraries, IDE á máa kà á mọ́ wọn.

Orúkọ mìíràn tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni èyí tó ní -master tàbí -main ní ìdí. Kò sí ìjàǹbá kankan nínú ìyẹn. GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń kọ ọ́ sí ìdí zip tí ẹ bá fọwọ́ ara yín fà wálẹ̀. Ó jẹ́ orúkọ ẹ̀ka iṣẹ́ tí wọ́n ti kó o. Master ni ẹ̀ka àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti Oṣù Kẹwàá 2020 ni GitHub ti ń pe ti iṣẹ́ tuntun ní main, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí méjèèjì lórí kọ̀ǹpútà kan. IDE 1.8 gba orúkọ bẹ́ẹ̀. IDE 1.0 ni kì í gbà á rárá, torí àmì dáàṣì tó wà láàárín. Á sọ fún yín pé "Library names must contain only basic letters and numbers", á sì ṣe bí ẹni pé fódà náà ò sí. Ẹ gé -master kúrò, ó parí.

Ẹni tó bá fi Extract All ti Windows tú zip tún ní láti ṣọ́ra fún fódà inú fódà: ẹ ṣí DHT-sensor-library-master, ẹ bá DHT-sensor-library-master mìíràn nínú rẹ̀, inú ti kejì ni fáìlì wà. Ìpele kan ṣoṣo ni IDE ń wò. Ẹ fa ti inú jáde, ẹ ju ti òde nù. Ó sàn jù kí ẹ má tú zip náà rárá, kí ẹ lọ sí Sketch, Include Library, Add .ZIP Library, kí IDE tú u fúnra rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo libraries ló pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má wá orúkọ kiri, ojú ọ̀nà ló yí. OneDrive lè ti kó Documents yín lọ sábẹ́ ara rẹ̀. Ẹ lọ sí File, Preferences, ẹ wo Sketchbook location, ẹ tọ́ka rẹ̀ sí ibi tí fódà Arduino yín wà gan-an. Mo ti rí àgbà oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Garki tó ti fẹ́ fọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ tónítóní nítorí ìlà kan yìí.

Kí n tó gbàgbé, bí kóòdù àtijọ́ bá ń ké pé òun ò rí WProgram.h, fódà yín kò jẹ̀bi. Fáìlì yẹn ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Arduino.h nígbà tí 1.0 jáde ní 2011. Láíbìrárì yín ló ti darúgbó, ẹ wá tuntun.

Nígbà tí a ṣe tán, ọmọ náà so DHT11 rẹ̀ mọ́ pátákó, ó gbé e sójú fèrèsé, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú láptọ́ọ̀pù. Ìyá rẹ̀ ò tíì gbà tán. Ó ní ṣé kóun má kúkú gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì ní Wuse, kí ọkàn òun lè balẹ̀. Kí n tó dáhùn, ọmọ náà ti yí ẹ̀rọ sí i. "Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan kan," ó sì fi ìka sí ìlà kìíní library.properties.